Ẹgbẹ̀rún Dín Mẹ́ta

Ọmọ-ọmọ mi ń fi òkúta pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí, kò, kò, kò, ni mo bá jágbe mọ́ ọn pé kó gbé e sílẹ̀. Ó wò mí. "Màmá àgbà, kí ni mo ṣe?"

Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é, ní Ìkéré, láyé òyìnbó, nígbà tá a ṣì ń fẹsẹ̀ lásán lọ sílé ìwé.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ ń ṣe epo, èkùrọ́ sì kún ilé wọn. Àwa ọmọdé a máa tò ó ní ìlà-ìlà. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá dọ́gba ló jẹ. Lọ́jọ́ kan Ìbídùn ka ẹgbẹ̀rún, ó rí mẹ́ta tí kòkòrò ti jẹ, ó jù wọ́n nù. Ó wá ń to ìyókù. Ìlà méjì, ó ṣẹ́ku. Ìlà mẹ́ta, ó ṣẹ́ku. Odindi ọ̀sẹ̀ kan! Ìyá rẹ̀ ń pariwo, "Ṣé èkùrọ́ tí mo fẹ́ tà lò ń tẹ́ bí ẹní yìí?"

Nígbà tó dé ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó dáwọ́ dúró. Ó ní tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbú á kàn di gígùn ni, ohun tóun ti tò náà lòun á tún máa tò. Kò sẹ́ni tó lè pín in dọ́gba, àfi kó tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò yé mi, inú sì bí mi. Inú mi kì í pẹ́ ru. Ó ní, "Ìwọ tó o mọ ìjà jà, wá bá èyí jà, ká wò ó bóyá á pín!"

Bàbá rẹ̀ sì ti ní òun máa yọ ọ́ níléèwé. Tíṣà wa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí ọgbọ́n ọmọ rẹ̀ ná. Lọ́jọ́ náà, Ìbídùn gbé agbọ̀n èkùrọ́ náà, ẹgbẹ̀rún dín mẹ́ta, sílẹ̀ ní kíláàsì, ó sáré lọ pàdé bàbá rẹ̀. Mo mú ẹyọ kan. Mo pa á, mo jẹ ẹ́.

Tíṣà ní ká tò ó ní ìlà méjìlá, kí bàbá lè rí i pé á ṣẹ́ku. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dọ́gba géérégé. Kíláàsì hó yèè, "Òpùrọ́!"

"Ẹyọ kan ti sọnù! Ẹ jẹ́ n kà á!" Ìbídùn ń sunkún.

Bàbá rẹ̀ ò dúró gbọ́. "Dìde, ká re ulé."

Èérún èkùrọ́ ṣì wà léyín mi nígbà tí Ìbídùn wẹ̀yìn wò mí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìsinbọ̀dé. N ò fojú kàn án mọ́.

Ẹ̀rọ ló ń pa èkùrọ́ báyìí. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ-ọmọ mi, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní nọ́mbà praimu ni wọ́n ń pè é níléèwé, pé kò sí ohun tó lè pín in lóòótọ́. Ìbídùn ti mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láìní fóònù.

Mo ní kó ka ẹgbẹ̀rún dín mẹ́ta fún mi. Ọ̀sán la ti ń tò ó. Ìlà méjìlá, ẹyọ kan ṣẹ́ku. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. N ò mọ ibi tí màá gbé e sí.