Ohùn Ìyá Mi Nínú Agolo Mílíìkì

Agolo mílíìkì ni mo fi ṣe máíkì. Mo ń sọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ọkùnrin kan wà ní ìlú Ọ̀wọ̀ yìí tó rí agolo yẹn, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tó sì padà wá jí ohun tí agolo náà gbà sílẹ̀. Kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbẹ̀san lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìdáríjì, kó tètè wá ibòmíràn gbà.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ní Ìdóàní. Mo máa ń lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, mo ti padà sí Ọ̀wọ̀, sílé ìyá mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ṣe pọ́díkáàsì mi, ní èdè Ọ̀wọ̀ gidi, èyí tí àwọn àgbà ń sọ láàárín ara wọn. Ta ni yóò fún mi ní máíkì olówó ńlá? Mo gba ojú máíkì kékeré kan, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Mo jó o mọ́ wáyà íápíìsì tó ti bàjẹ́, mo gé rọ́bà lára túùbù ọ̀kadà, mo sì fi í so ojú máíkì náà kọ́ sí àárín agolo, kó má baà máa gba gbogbo gìrìgìrì tábìlì. Asẹ́ kan wà nílé tí ìdí rẹ̀ ti já. Mo na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ti ya sí ẹnu rẹ̀, mo gbé e síwájú agolo, kí èémí ẹnu má baà máa bú gbàù. Inú wọ́dúróòbù ìyá mi la ti ń ṣe é. Àwọn léèsì tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí mo gé ni kò jẹ́ kí ohùn máa ta padà. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ní Ìmọ̀rù àti Àfò ń gbọ́ wa nínú oko, tí wọ́n ń fi fóònù sínú àpò, tí wọ́n ń ro ilẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí wá láti ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ ní Poli, ilé ìwé gíga tó wà nílùú wa, ló gbé e wá. A jọ wà nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Òun náà ń ṣe pọ́díkáàsì, máíkì tirẹ̀ sì wá láti òkè òkun, ó ní ẹsẹ̀, ó ní iná pupa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí tèmi, ó ní, "Sístà, ṣé tíì lẹ fẹ́ pò ni?" Gbogbo kọ́yà bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.

Ẹni tó bá ń gba ohùn sílẹ̀ ló mọ ohun tí ariwo jẹ́. Ní àdúgbò wa, bí jẹnẹrétọ̀ ò bá dún, àwọn tó ń ṣe ìsọjí yóò máa lu ìlù. Bí ìsọjí bá tán, ọkọ̀ ẹni tó ń ta agbo yóò kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n bí ọdún Ìgogo bá ti wọlé, wọn kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Èèwọ̀ ni. Agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Àwọn ẹlòmíràn máa ń jáde lọ wo ọba nínú aṣọ ọdún. Èmi, máíkì mi ni mo máa ń gbé kalẹ̀, nítorí pé ìlú ti dákẹ́ fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọdún náà, mo ní kí ìyá mi jókòó sí ẹnu wọ́dúróòbù, kó sọ bí ọdún ṣe ń rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó wo agolo náà títí, ó ní, "Inú agolo yìí náà ni ohùn mi yóò máa gbé?" Mo ní, "Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó sì fọwọ́ kàn án! Ó dún gbàn-ín, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ̀rọ̀, mò ń bi í, ó ń dá mi lóhùn, "ọmọ mi" níhìn-ín, "ọmọ mi" lọ́hùn-ún. Ó sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní bí ìlù bá ti dákẹ́ báyìí nígbà ọdún, òun máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá òun nínú ilé, bó ṣe máa ń wọ́ bàtà láti yàrá dé ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí a parí, ó ní, "Ìgbà wo ni n óò gbọ́ ara mi?" Mo ní, "Láìpẹ́, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀."

Fóònù mi ti gbó. Bí fáìlì bá ti tóbi, yóò gan pa ni, nítorí náà inú mẹ́mórì káàdì nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọkùnrin yìí dé láti ìsinmi, torí ó máa ń lọ sílé wọn ní gbogbo àsìkò ọdún Ìgogo, kò dúró wò ó rí. Ó gbọ́ pé mo ti gba ohùn ìyá mi, ó wá bá mi lẹ́yìn ìdánrawò kọ́yà. "Sístà, ẹ fún mi ní káàdì náà. Kọ̀ǹpútà mi á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ariwo 'ṣììì' tó wà lábẹ́ rẹ̀ á pòórá. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ máa gbà á." Mo fún un.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ dé, ó ní kò sí iná. Òmíràn dé, ó ní kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí mo bá ti Ìdóàní dé, kí n tó gbé báàgì sílẹ̀, ìyá mi á ti na ọwọ́: "Ohùn mi dà?" Ó ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ pé òun máa pè wọ́n wá gbọ́ òun. Ó ti mọ ẹni tó máa jókòó síbi tó dáa jù. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wá mi káríkárí lẹ́yìn ìsìn, ó fa ojú ro, ó ní, "Sístà, káàdì yẹn ti kú. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ìgbà ọyẹ́ ni rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó ń gbọ́ wa, ó mọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n ohùn tó kù fún un kò ju kí ó máa kùn lọ.

Kò pẹ́ sí i, obìnrin kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ní Ìdóàní na fóònù sí mi. Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ ohùn màmá yín. Wọ́n mà dáa o!" Mo gbọ́. Pọ́díkáàsì ọkùnrin yìí ni. Ìbéèrè mi gan-an ló ń béèrè, bí mo ṣe tò ó, ó kàn fi ohùn imú tirẹ̀ rọ́pò tèmi ni. Ìyá mi wá ń dá a lóhùn, "ọmọ mi" níhìn-ín, "ọmọ mi" lọ́hùn-ún. Ọmọ ta ni? Ẹ gbà mí o! Ìkà yìí jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Poli, ó gé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó bí mi, ó wá jókòó sí àyè mi. Mo dá fóònù padà fún obìnrin náà.

Mo lọ bá ọkùnrin náà. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ìwọ̀nba tó kù lára rẹ̀ ni mo rí yọ. Ohùn tiyín ló bàjẹ́, Sístà. Agolo lẹ fi gbà á, kí lẹ retí?" Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó gé nǹkan mọ́ tó bẹ́ẹ̀, odidi rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo, yóò nu odidi náà kúrò nínú káàdì, ó parí nìyẹn. Mo bá rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò burú, Bùrọ̀dá. Ẹ kú ìgbìyànjú." Eyín nìkan ló wà níta. 

Mo ní sùúrù fún un. Mo ń kí i, mo ń bi í léèrè ará ilé. Ó rò pé mo ti gbàgbé. Nígbà tí àwa tí a ń ṣe pọ́díkáàsì ní Ọ̀wọ̀ fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá, tí wọ́n ní kí oníkálùkù mú iṣẹ́ rẹ̀ tó dáa jù wá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi. Apá tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìyá mi ló fẹ́ gbé jáde, ṣùgbọ́n èdè wa kì í yé e bó bá ti jinlẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbọ́ ọ wò, bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Háà! Ó ti fi ìlù sí i lábẹ́. Ìlù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Ìyá mi ń sọ pé ìlù ti dákẹ́, pé òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá òun, gbàdù-gbàdù sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Mo di ẹnu mi mú.

Ó ní, "Ìlù yẹn ńkọ́, Sístà? Ṣé ó bá a mu?"

"Ó bá a mu gan-an, Bùrọ̀dá."

"Ẹ ò rí àṣìṣe kankan?"

"Rárá o. Ẹ kàn sọ fún wọn pé àsìkò ọdún lẹ gbà á, pé ẹ ò fi nǹkan kan kún un. Àwọn àgbà fẹ́ràn kí nǹkan wà bó ṣe wà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan la ti ṣe ìpàdé náà. Wọ́n pe olóyè kan láti ààfin kó wá gbàdúrà fún wa, bàbá arúgbó tó fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn. Ọkùnrin yìí bọ́ síwájú, ó sọ gbogbo ohun tí mo ní kó sọ, ó tún fi tirẹ̀ kún un: máíkì òun, ọwọ́ òun, àsìkò Ìgogo. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí ọrùn bàbá náà yí padà. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dá a dúró.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo ní o gbà á?"

"Lásìkò ọdún Ìgogo, sà."

"Nínú Ọ̀wọ̀ níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"O ò fi nǹkan kan kún un?"

"Rárá sà. Bó ṣe wà gan-an nìyẹn."

"Ta ló wá ń lu ìlù?"

Kíá, gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀ kọjú sí ọkùnrin náà. Àwọn àlejò ń wojú wa. Bàbá náà ní bí ẹnì kan bá lu ìlù nínú ìlú lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ààfin ni, òun á mú ọkùnrin náà lọ ní ọ̀sán yẹn kó lọ dárúkọ onílù. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó wo ojú mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i, lọ́tẹ̀ yìí tinútinú.

Ó ní, "Sà, mo… mo kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni."

"Jẹ́ ká gbọ́ èyí tí ìlù ò sí nínú rẹ̀."

"Kò sí níhìn-ín, sà."

"Bí kò bá sí, á jẹ́ pé ìlù dún nìyẹn. Dìde, ká lọ."

Ó ṣí odidi rẹ̀ tí kò tíì gé. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni, "Inú agolo yìí náà ni ohùn mi yóò máa gbé?" Èmi ní, "Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án." Gbàn-ín! Ẹ̀rín àwa méjèèjì wá kún gbọ̀ngàn. Ẹnì kan nínú kọ́yà figbe ta pé, "Ohùn Sístà mà nìyí!" Ọkùnrin yìí fẹ́ pa ohùn náà. Mo dìde, mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kó dún tán." Ó sì dún tán, òun dúró níbẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó ń wo ilẹ̀. Mo wá sọ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wa ohun tí ìyá mi ń sọ nípa ìlù tó dákẹ́ àti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.  Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, "Káàdì mi." Inú àpò rẹ̀ ló ti yọ ọ́, káàdì tó ní ó ti kú.

Ó dùn mọ́ mi. Títí di òní ló ń dùn mọ́ mi. Bó bá ń kọjá lọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ń fẹnu lu ìlù tẹ̀lé e. Ó ti fi kọ́yà sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Láti gbọ̀ngàn ni mo ti gba ilé lọ tààrà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo ní, "Màámi, ohùn yín rèé." Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ là. Ó na ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, mo rò pé ó fẹ́ kí n gbé e súnmọ́ etí rẹ̀ ni, mo bá fi fóònù sí i lọ́wọ́. Ó dojú fóònù náà dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gidi, títí tí ohùn náà kò fi jáde dáadáa mọ́. Ó wá yíjú sí ògiri. Mo pa ohùn náà. Mi ò jẹ́ kó dún létí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Láàárín àwọn oṣù tí ìyá mi fi ń na ọwọ́ sí mi, tó ń ní "Ohùn mi dà?", ì bá gbọ́ ọ, ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá pe gbogbo ẹgbẹ́ ìyá jọ. Ohun tí ọkùnrin yẹn jí nìyẹn, gbọ̀ngàn kan ò sì lè dá a padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà dúró dè mí ní ibùdókọ̀ tí mo ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìdóàní. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ní ojú ti òun tó, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu mi pé mo ti dárí jì òun.

Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá mi, kó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.