Gbádé Àjàní, Ẹni Tó Fi Oríkì Ṣọ́ Igi Etí Odò

Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ gbé gìtá sílẹ̀, ẹ ò dúró gba àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí. Ó dìgbà o, ẹ̀gbọ́n mi. Ó di inú kásẹ́ẹ̀tì ká tó tún gbóhùn yín.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìsìnkú. Mo gbọ́. Ohun tójú mi rí nìkan ni n ó kọ.

Ẹ̀yin lẹ dá ẹgbẹ́ olórin Àkọ́rọ̀ sílẹ̀ ní abúlé wa nítòsí Akínyẹlé. Orin yín làwọn ọ̀dọ́ láti Adégbayì dé Ọlọ́runṣògo ń jó tí bàtà fi ń já lẹ́sẹ̀ wọn. Ìbáà ṣe orin ìfẹ́, ìbáà ṣe orin ìkómọ, ẹ ó ṣáà wá ibì kan ki igi bọ̀. Mo rántí ìyàwó tuntun kan tó ń retí kí ẹ yin ẹwà òun. Ẹ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bi í pé igi mélòó ni ọkọ rẹ̀ ti gbìn. Ọkọ wolẹ̀. Wọ́n ti bímọ mẹ́ta báyìí, igi ọsàn mẹ́ta ló sì wà lẹ́yìn ilé wọn.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn pé òjò ò rọ̀ lásìkò mọ́, tí àgbàdo ń gbẹ lójú wọn, wọ́n ní ayé ló bàjẹ́. Ẹ ní ayé kọ́. Ọ̀rọ̀ yín kì í gùn: "Igi ni àga tí òjò ń jókòó lé. Ẹ gbé àga kúrò tán, ẹ wá ń béèrè ìdí tí àlejò ò fi dúró." Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé àgbẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ sì fi kọrin bú àwọn ọdẹ tó ń sun odindi igbó nítorí òkété kan. Àwọn ọdẹ fẹ́ràn orin náà gan-an. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ sóko, wọ́n mú ìṣáná dání.

Ẹ̀yin náà kì í ṣe málàíkà. Jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ wa ń rú èéfín bí ilé tó ń jó, ẹ sì mọ̀. Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ ó dojú kọ igi tó bá wà nítòsí, ẹ ó ní, "Ẹ má bínú, wákàtí mẹ́ta péré ni." Wákàtí méje la sábà máa ń lò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odò Ayébà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wá sin yín gbọ́. Odò yẹn là ń mu. Bí gbogbo kànga bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun nìkan ni kì í gbẹ, nítorí àwọn igi ńláńlá tó bò ó lórí, ìrókò, arère, afàrà. Àfi bí a ṣe gbọ́ lọ́dún kan pé Baálẹ̀ wa ti fọwọ́ sí i kí àwọn agégi wá gé gbogbo wọn là sí pákó. Àwọn àgbà lọ bẹ̀ wọ́n. Baálẹ̀ ní, "Igi ni mo tà. Ta ló sọ pé mo ta omi?"

Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ lọ gbéjà kò wọ́n, ẹ ní ká jókòó. "Ẹ má bá bàbá jà o. Sátidé ni wọ́n ń ṣí ilé tuntun wọn, àwa la sì máa ṣeré. Ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ ba odò wa jẹ́ lẹ fẹ́ yìn?" Ẹ ní, "Mo máa yìn wọ́n débi tí wọn ò ní lè bà á jẹ́."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa. Ẹni tí olórin bá kì, tó dìde jó sí i lójú àwùjọ, ó ti gba orúkọ náà. Ẹni tó bá sì lọ jókòó láàárín oríkì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń kì. Sátidé pé, ilé kún, ẹ gbé ohùn sókè:

Àlàó, aṣọ́gi bí ẹni ṣọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín,
Àáké détí odò, àáké bá Àlàó lójú ọ̀nà,
Àlàó ní igi bàbá òun kì í ṣe pákó,
Àáké, padà sílé o!

Bí Baálẹ̀ ṣe gbọ́ "Àlàó", oríkì wọn, báyìí, wọ́n ti dìde, wọ́n ti ká agbádá léjìká. Ìgbà tí wọ́n fi gbọ́ ohun tí ẹ ń wí, ẹsẹ̀ wọn kan wà lókè. Mò ń tẹ dùùrù, mò ń wo ẹsẹ̀ náà. Ó pẹ́ lókè. Àwọn ìyàwó wọn ti kúnlẹ̀, àwọn àna ń pàtẹ́wọ́, gbogbo abúlé ń gbè é pé, "Àáké, padà sílé o!" Níkẹyìn ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Baálẹ̀ jó. Kí n má purọ́, wọ́n jó dáadáa.

Ọjọ́ Ajé làwọn agégi gbé ẹ̀rọ wọn dé. Baálẹ̀ bi wọ́n pé, "Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kì mí ni?" Olórí wọn ní, "Bàbá, orin lásán nìyẹn." Baálẹ̀ ní, "Orúkọ mi lò ń pè ní lásán?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti yí ọkọ̀ padà.

Láti ìgbà náà, kò sí òde kan lágbègbè wa tí ẹ ò ti tún un kọ. Ẹ ní orúkọ rere dà bí oko ẹ̀fọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín. Ṣùgbọ́n olórí àwọn agégi ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun lè dúró, pé olórin kan ò lè kọrin títí ayé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ kú, bí Màmá yín ṣe nu omijé nù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Délé, odò ńkọ́?"

Ní ọjọ́ karùn-ún, gbogbo wa jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé yín, Baálẹ̀ wà láàárín wa. Olórí àwọn agégi dé, ó wọ funfun, ó kí wa bí ọmọlúàbí. Ó wá tẹ̀ sí Baálẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí etí kan lè dá gbé. "Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó fi orin dè yín ti lọ. Ọlọ́run ti tú yín sílẹ̀."

Màmá yín di apá àga mú. Baálẹ̀ wá ní, "Nígbà tí Gbádé wà láyé, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ kan, n ó pè é, n ó bẹ̀ ẹ́ kó yí orin yẹn padà. Ọmọ mi ni, kò ní kọ̀ fún mi. Ní báyìí tó ti kú, ta ni mo fẹ́ bẹ̀?" Wọ́n nawọ́ sí ojú ọ̀nà. "Má gbé ẹ̀rọ yẹn dé abúlé yìí mọ́."

Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ẹ fọkàn balẹ̀. Màmá yín fúnra wọn ló lọ pọnmi ní Ayébà láàárọ̀ òní. Wọ́n ní òun ni wọn yóò fi wẹ̀ yín, àwọn ò ní lo omi mìíràn. Mo bá wọn gbé e dé ilé. Omi náà mọ́, ó tutù, ó kún. Ẹ fi wẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ sùn re o.

Délé, àbúrò yín tó ń tẹ dùùrù