Ẹrù Tí Táyà Kò Lè Gbé

Ọmọbìnrin mi àgbà ló ra tírọ́ọ̀kì náà, òun náà ló ra kámpà tó ń gbé lé ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé kékeré ni kámpà yẹn: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, táǹkì omi wà. Kò ní táyà tirẹ̀. Ẹ̀yìn tírọ́ọ̀kì ló jókòó sí bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, táyà ọkọ̀ ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi yìí, ìlú Sugar Land níbí la jọ ń gbé. Tó bá ti gba ìsinmi, ojú ọ̀nà ni ẹ ó ti bá a. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní obìnrin wo ló ń gbé ilé kiri bí ìgbín. Ẹ̀rín ló máa ń rín sí wọn.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bímọ ní New Mexico, ó ní òun á fi kámpà gbé mi lọ kí n lọ máa wẹ ọmọ, a ó sì débẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìkómọ. Inú mi dùn, mi ò sì lè pa á mọ́ra. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ kan ń lọ síbì kan, á rántí ohun tó yẹ kó fi ránṣẹ́. Kí a tó gbéra, iṣu ti dé, gààrí ti dé, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, páálí móòtì fún ìyá ọmọ, odidi àpò ìrẹsì. Ìyàwó pásítọ̀ gbé ìkòkò ńlá wá, irú èyí tí wọ́n fi ń se ẹran ìnáwó. Oníkálukú ń sọ pé kékeré ni tòun. Èmi náà gbé odó mi sí i, torí iyán ni ìyá ọmọ fẹ́ràn. Ọmọ mi kàn ń wò wá ni. Àgbàlagbà ló ń gbé ẹrù wá, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé rárá?

Láàárọ̀ tí a gbéra, a gba fíríìwéè, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. A ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ mi fi yà sí ilé epo kan tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ó ní ọkọ̀ ò dáhùn bó ṣe yẹ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí mo sọ̀, mo rí i pé ìdí ọkọ̀ ti wọlẹ̀, ìsàlẹ̀ àwọn táyà ẹ̀yìn sì ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wa ọkọ̀ gorí ìwọ̀n. Ó wá fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára táyà hàn mí, bí ẹrù tó lè gbé ṣe mọ. Tiwa ti kọjá a.

Ó ṣàlàyé fún mi pé táyà tí ẹrù bá pọ̀ jù fún máa ń gbóná, nínú oòrùn ojú ọ̀nà yẹn, ó lè bẹ́. Kámpà sì ga. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́ lórí eré, ó lè gbé wa ṣubú. Mo ní ṣé a ò kúkú lè máa rọra lọ? Ó ní rírọra lọ á dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù, ṣùgbọ́n kò ní mú kí ẹrù fúyẹ́. Mo ní kí la fẹ́ wá sọ fún àwọn tó ni ẹrù?

Ó padà sínú ọkọ̀, ó di sítíárì mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Táyà ò mọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Tí ẹrù yìí ò bá sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní gbé yín lọ."

Kò pariwo. Èmi tí mo tọ́ ọ, mo mọ ohun tó ná an kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo tún wo táyà. Mo ní, "Odó mi ni kó kọ́kọ́ sọ̀."

Ọmọ mi da púpọ̀ nínú omi táǹkì nù, pé a ó rí omi pọn lọ́nà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Westchase, tí kò jìnnà síbẹ̀, wa mọ́tò wá kó ìrẹsì, móòtì, iṣu àti àwọn nǹkan tó wúwo. Bí a ṣe ń dúró dè é, mo ń pe àwọn tó ni ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní èmi ni mo ní kí ẹrù sọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ mi ò mọ àgbà. Ìyàwó pásítọ̀ ní, "Màmá, ìkòkò tèmi nìkan ni?" Mo ní odó tèmi náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

A tún gorí ìwọ̀n, ó ṣe déédéé. Ọmọ mi fi géèjì wo afẹ́fẹ́ táyà, a sì lọ. Àwọn tírélà ń yà wá sílẹ̀, kò bá wọn sáré. Afẹ́fẹ́ ń gbá iwájú kámpà bí ẹni ń tì wá padà, síbẹ̀ ó ní epo tí ọkọ̀ mu ò tó bí òun ṣe bẹ̀rù. Gbogbo ilé epo tí a bá yà sí, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kan táyà kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

A débẹ̀ nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la. Ẹ̀rọ ìlọta ni mo fi sọ iṣu tí mo bá nílé wọn di iyán fún ìyá ọmọ. Kókó wà nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ìkómọ, bàbá ọkọ ìyá ọmọ jáde síta, ó yí tírọ́ọ̀kì náà po, ó bi mí pé èwo nínú àwọn ọkùnrin ló wà á wá. Ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ mi. Mo fi àgbọ̀n júwe ọmọbìnrin mi àgbà.

Ó ní, "Tòun ti ilé lẹ́yìn?"

Mo ní, "Tòun ti ilé lẹ́yìn, àti ìyá rẹ̀ níwájú."