Ọjọ́ tí Mo Lẹ Àbùlẹ̀ mọ́ Kọ̀ǹpútà Mi

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù Kẹta ọdún 2009, nínú ilé tí mo háyà yàrá kan sí ní Ekosodin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ní ìlú Benin. Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ tí èmi àti aládùúgbò mi jọ ń ra epo sí ló ń ṣiṣẹ́. Obìnrin ará Oǹdó ni aládùúgbò mi, aránṣọ ni, ó sì jù mí lọ dáadáa. Èmi ń kọ ìwé ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwọn Yorùbá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ohùn bàbá aláṣọ kan tó ti di olóògbé wà nínú kọ̀ǹpútà mi, wákàtí mẹ́fà gbáko, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí pé wọn kò mọ àkọsílẹ̀ tọ́jú.

Kọ̀ǹpútà náà ní kí n gba àbùlẹ̀ ààbò kan, irú èyí tí àwọn tó ṣe é fi ń dí ihò tí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Mo gbà á, nítorí ohùn bàbá náà gan-an ni mo fẹ́ dáàbò bò. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ pa á títí yóò fi parí. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, síbẹ̀ n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má pa jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ti dé ìdajì nígbà tí àdúgbò hó pé NEPA ti múná dé. Ní ilé wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ariwo yẹn ní ń sáré pa jẹnẹrétọ̀, tí yóò sì yí iná sí ti NEPA, kí epo má baà ṣòfò. Aránṣọ ló yá jù mí lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Nígbà tí mo tún tàn án, ojú aláwọ̀ búlúù ló gbé kalẹ̀, ó sì kọ̀, kò wọlé.

“Ìyá, ẹ ti pa mí!”

“Tíṣà, iná tí kò lọ tó kí èèyàn ṣẹ́jú! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tìrẹ ṣe ń kẹ́ra ni?”

N kò rẹ́rìn-ín. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìkíni mi fún un kò ju kíkùn lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Iyaro, sọ́dọ̀ ọkùnrin Ẹ̀dó kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó yọ díìsìkì inú rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tẹ ibì kan. Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá aláṣọ kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wúkọ́.

“Oga, your papa dey cough o,” ni ọkùnrin náà wí.

Mo jókòó sórí àpótí. Wákàtí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Ó wá fi kọ̀ǹpútà méjì mìíràn hàn mí lórí tábìlì rẹ̀: àbùlẹ̀ kan náà ni àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà gbà, ojú búlúù kan náà ni wọ́n gbé kalẹ̀, iná kò sì lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ rárá.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a. Mo dọ̀bálẹ̀ fún aránṣọ, mo ṣàlàyé. Ó pàtẹ́wọ́: “Háà! Àbùlẹ̀ tó ya aṣọ! Aránṣọ wo ló rán an?” A rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi, n kò sì lè sọ pé ẹ̀rín nìkan ni.

Lónìí, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo tọ́jú ohùn bàbá náà sí. Mo ti bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ léèrè. Èwo ló pa kọ̀ǹpútà mi, àbùlẹ̀ ni tàbí iná tó ṣẹ́jú, síbẹ̀ n kò mọ̀.