Mílíìkì Kì Í Dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ Ajé kan nígbà òjò ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan kò dára. Mo mú lébẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, mò ń wo káátọ̀nù tó wà níwájú mi, mi ò sì rántí ibi tí a máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì ní ilé-iṣẹ́ yẹn ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n fi okùn dì í láti iwájú dé ìpàkọ́. Èébì ń gbé mi, orúnkún mi kò sì gbé mi dáadáa.

Sikírátù, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan, wò mí. Mo fi ogún ọdún jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ìyá Ráfíù, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti lóyún?"

"Ìyàwó Ráfíù ló lóyún. Ṣé kí èmi àti òun jọ máa tò fún nọ́ọ̀sì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé orí ń fọ́ òun náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá wọ yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ògiri wa, kí òjò má baà pa á. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé wa pa kí káátọ̀nù má baà tutù. Níbi tí mo ti lọ gba ìtọ́jú nítòsí ilé wa ní Itele, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lo oògùn wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sínú ìwé: orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó rọlẹ̀ nígbà tí mo délé, kò sí rárá lọ́jọ́ Àìkú. Ibà wo ló ń gba ìsinmi lọ́jọ́ Àìkú?

Mo mú ìwé náà lọ bá Ọ̀gá Dèjì, tó ń bójú tó wa.

"Ìyá Ráfíù, ẹ ti wá di dókítà," ni ó wí. "Ẹ máa mu mílíìkì yín."

Wọ́n máa ń pín mílíìkì agolo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Wọ́n ní ó ń fọ kẹ́míkà kúrò lára. Èmi náà gbà á gbọ́ fún gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ Ajé yẹn, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo ṣubú. Ọ̀gá Dèjì ní kí wọ́n tẹ́ mi sórí káátọ̀nù, kí wọ́n fún mi ní mílíìkì agolo méjì, kí n sinmi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń mí ohun tó ń pa mí. Sikírátù ló wo aago. Nígbà tí ó rí i pé mi ò dáhùn mọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bínú tó bá wù yín," ó kì mí mọ́ abíyá, ó sì wọ́ mi jáde sínú òjò. Òun ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ́síjìn há mi níka, ó ní afẹ́fẹ́ ara mi pé, kí n jókòó. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ le, mo sì jókòó lórí rẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ọkọ mi dé, fìlà rẹ̀ ń kán omi, ó jókòó tì mí. Nígbà tó yá, dókítà obìnrin kan jáde, ó wò mí, ó sì béèrè bóyá ó ń ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ wa.

"Èmi náà, Dókítà," ni Sikírátù wí. "Àti àwọn mẹ́wàá tó kù níbẹ̀."

Mo na ìwé mi sí i. Kò parí ojú ewé kìíní tí ó fi ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá.

Dókítà ní afẹ́fẹ́ kan ló ń ṣe wá, kábọ́ọ̀nù mọnọksáìdì ni wọ́n ń pè é. Ó ń ti ara ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo, bíi jẹnẹrétọ̀ wa, jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Èròjà pupa kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ himoglóbìn, òun ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri. Ọ́síjìn máa ń rọra lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń já kúrò wẹ́rẹ́ níbi tí ara bá ti nílò rẹ̀. Ojú ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ búburú yìí ń lẹ̀ mọ́, ó sì lẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí mi níka kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó rí i pé nǹkan ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ní ara mi pé.

Iṣẹ́ mi ni, nítorí náà ó yé mi. Bí lébẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ti ọjà bá ti lẹ̀ mọ́ káátọ̀nù, èyí tó tọ́ kò ní àyè mọ́. Lílẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́, ṣíṣí rẹ̀ ló ń gba àkókò. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó lè tó wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó já kúrò. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn bò ọ́ nímú, wákàtí kan àtààbọ̀ lè tó. Ìdí nìyẹn tí orí mi fi ń rọlẹ̀ nílé. Mílíìkì ní tirẹ̀, inú ikùn ló lọ. Kò dé ibi tí ìjà wà.

Wákàtí mẹ́fà ni mo fi wà lórí ọ́síjìn. Mi ò gbádùn rẹ̀. Mò ń ronú nípa ogójì ìṣẹ́jú yẹn, mo sì ń ronú nípa àwọn mẹ́wàá tó kù nínú yàrá náà.

Lọ́jọ́ kejì, Sikírátù sọ ohun tí dókítà wí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n to agolo mílíìkì wọn sórí tábìlì Ọ̀gá Dèjì láìṣí i, wọ́n sì lọ dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta. Ọ̀gá Dèjì ní ẹni tí kò bá wọlé ti pàdánù iṣẹ́.

"Ó dáa," ni Sikírátù wí. "Ọ̀gá, ẹ mu mílíìkì yìí, kí ẹ wá jókòó ti jẹnẹrétọ̀ yẹn títí di ọ̀sán. Bí ẹ bá jáde ní àlàáfíà, a ó wọlé."

Kò mu ún. Ó wo agolo, ó wo ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù. Ìyẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í: ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rò nígbà tí ó kan òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, jẹnẹrétọ̀ ti wà níta.

Oṣù méjì ni mo fi ń gbàgbé orúkọ àwọn èèyàn, mo sì jó ìkòkò ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lọ báyìí. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin mélòó kan níbì kan náà, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá jáde, ẹ kọ́kọ́ jáde ná, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sikírátù. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi, tó sọ òtítọ́ fún mi láti ọjọ́ Ajé yẹn, tí èmi fúnra mi sì ń fi mílíìkì dá a lóhùn.

Wọ́n ṣì ń pín in. Mo máa ń mú tèmi lọ sílé fún ìyàwó Ráfíù. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan lébẹ́ẹ̀lì, fèrèsé ni mo ń kọ́kọ́ ṣí.