Kóòdù Inú Ìwé Télọ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo kúrò nílé ní Ìbàdàn, mo gbé báàgì méjì. Aṣọ ìpààrọ̀ àti búrẹ́dì tí mo fẹ́ gbé fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Onitsha wà nínú ọ̀kan. Ẹ̀rọ géèmù tí mo ti ní láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wà nínú èkejì, tòun ti páàdì rẹ̀, wáyà rẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo fi ìborùn ìyàwó mi wé. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo báàgì kejì yìí, ó ní ọkọ àwọn ẹlòmíì ń lọ sí Onitsha lọ ra ọjà, tòun ń lọ wá nọ́ńbà. Òótọ́ ló sọ, mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà ṣe jẹ́. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn, géèmù àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ló sì kó wa jọ. Géèmù òde òní kò wù wá. Kí o tó ta ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù kan nínú rẹ̀, yóò ti tọrọ dátà, yóò ní kí o dúró kí òun kọ́kọ́ tún ara òun ṣe. Tiwa kò mọ ìyẹn. O ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ihò rẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, o yọ ọ́, o fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, o tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n fún ọ. Bí o bá fi wọ́n ṣòfò, o padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kí o sanwó kí o lè jí dìde. Mo fẹ́ràn ohun tó bá ń sọ òótọ́ fún èèyàn báyẹn.

Géèmù tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí mo gbé yìí, ọkùnrin kékeré kan tó mú idà lọ́wọ́ ló ń wá ọ̀nà dé ààfin pupa kan. Ipele mẹ́rìnlélógún ló ní. Níbi ìpàdé wa, Alága ẹgbẹ́, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, sọ pé òun kò tíì rí ẹni tó fojú kan ipele ìkẹrìnlélógún. Mo ní èmi rí i nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alága wá wò mí, ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Wọ́n fún mi di ìrọ̀lẹ́ Sunday kí n mú fọ́tò ipele náà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n fi ipò akọ̀wé sílẹ̀. Ipò náà kò mú kọ́bọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ lé mi kúrò nídìí rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ti di ọwọ́ àgbà. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, iṣẹ́ ìjókòó ni mò ń ṣe nílé ìtẹ̀wé, mi ò sì lè kọjá ipele kọkànlá mọ́. Kóòdù nìkan ló lè gbé mi débẹ̀. Ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì ni tiwa, ìdí nìyẹn tí kóòdù rẹ̀ kò fi sí níbì kankan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibì kan ṣoṣo ló wà: inú ìwé tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Mọ́mì Onitsha, fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Télọ̀ ni Mọ́mì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé ipele ìkẹrìnlélógún, géèmù kọ nọ́ńbà márùn-ún jáde, méjì-méjì, kí n lè padà síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Mi ò rí bébà, ni mo bá fa ìwé Mọ́mì yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí bàbá mi fi dé láti mú mi lọ sí Ìbàdàn lọ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo kó ẹ̀rọ, mo kó kásẹ́ẹ̀tì, mo gbàgbé kóòdù.

Mo pe Mọ́mì lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi ka nọ́ńbà náà. Wọ́n ní àwọn kì í ka ìwé iṣẹ́ àwọn sínú fóònù. Wọ́n ní ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí àwọn ti rí mi kẹ́yìn, bí mo bá fẹ́ rí ìwé, kí n kọ́kọ́ wá kí ẹni tó ni ín.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Ìwó Road, mo sì gbé ẹ̀rọ géèmù lé itan bí ọmọ ọwọ́. A gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí Ọ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni mo jẹ ìrẹsì àti ẹran níbẹ̀. Ẹran náà kéré, ṣùgbọ́n ó gbóná. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Bìní, lẹ́yìn ìyẹn ni kòtò bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà sì ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń ta ipele kọkànlá.

Kí a tó dé Àsábà ni ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn rí wáyà tó yọ jáde lára báàgì mi, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá ṣàlàyé. Àwọn èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tí àwọn kò bá wọkọ̀ rí. Mo tú ìborùn, mo fi kásẹ́ẹ̀tì hàn án. Ọkùnrin náà gbà á, ó wò ó títí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà fún mi.

"Oga, go well," ló wí. "My own, na flood carry am."

A gun afárá Odò Ọya ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Omi tí a ń pè ní Ọya nílé yìí, tí a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbà kọjá, àwọn ará Onitsha ló ń wò ó ní òwúrọ̀ àti alẹ́. Ní Upper Iweka, mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ìṣẹ́jú méjì: ní Ìbàdàn, alábàárù yóò bẹ̀ ọ́ pé kí o yà, níbí, ẹni tó ń ti ọmọlanke yóò pariwo lẹ́ẹ̀kan péré, òun àti ẹrù rẹ̀ á sì máa bọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá fi gbé mi lọ sí ẹ̀bá Inland Town, níwájú ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì.

Bí mo ṣe rí wọn ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bi mí pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ikùn mi kò jẹ́ kí dídìde tètè yá, Mọ́mì sì fara balẹ̀ wò mí títí mo fi dìde. Wọ́n ní àwọn rí i pé ebi kò pa mí ní Ìbàdàn. Obìnrin tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, Mama Ifeoma, yọjú kí mi. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí òun àti Mọ́mì ti jọ wà ní àdúgbò náà, Igbo sì ni wọ́n jọ ń sọ, tó ń yọ̀ lẹ́nu Mọ́mì bí epo. Mọ́mì kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìwé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kì í ṣe ìwé ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní Onitsha. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì mọ̀ pé mo jẹ̀bi.

Láàárọ̀ Sátidé, Mọ́mì ra ọ́kpá fún mi. Ẹ̀wà kan tó ń so nínú ilẹ̀ bí ẹ̀pà ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é. Ó jọ mọ́ín-mọ́ín lójú, ṣùgbọ́n ó le jù ú, ẹyọ kan péré sì ti tó mi di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì gbé àpò ìrẹsì kan jáde, gbogbo ìwé ìwọ̀n tí wọ́n ti lò rí ló wà nínú rẹ̀. A wá ìwé náà rí, a sì wá ojú ewé náà rí. Ikán ti jẹ ìlàjì rẹ̀ nísàlẹ̀. Ọgbọ̀n orúkọ obìnrin ló kù sí i lókè, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta òwú ní Main Market, tí Mọ́mì rán yúnífọ́ọ̀mù fún lọ́dún náà. Ibi tí nọ́ńbà mi wà ti di ihò. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ro bí Alága yóò ṣe rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ńbà wo lò ń wá gan-an?" ni Mọ́mì bi mí.

Mo ní nọ́ńbà márùn-ún ni, méjì-méjì, tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn.

"Kò sí orúkọ níwájú rẹ̀?"

"Kò sí, mà."

Mọ́mì dìde. Wọ́n wọ inú lọ, wọ́n gbé ọ̀rá kan jáde, wọ́n fa bíláòsì àǹkárá aláwọ̀ ewé kan yọ nínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé mi lẹ́sẹ̀. Èjìká rẹ̀ dà bíi ti èèyàn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ lo rán mi ní iṣẹ́ yìí," ni wọ́n wí.

Àṣé nígbà tí Mọ́mì ń rán yúnífọ́ọ̀mù náà, ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kà nínú ìwé. Aṣọ wà nílẹ̀ tó kárí, ni wọ́n bá rán mọ́kànlélọ́gbọ̀n: 17 èjìká, 38 àyà, lẹ́yìn náà ìbàdí, apá àti gígùn. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin náà wá kó o, bíláòsì kan ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tó bá mu. Ìyá kan tó sanra láàárín wọn ní òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ti ń pe bíláòsì yìí ní Onye Nwe Ya, ìyẹn ni pé "ta ló ni ín". Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Mọ́mì ti kó ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé e lọ gbé e bọ̀. Wọ́n ní kò sí aṣọ mìíràn tí olówó rẹ̀ kò wá mú lọ́wọ́ àwọn láti ìgbà tí àwọn ti mú abẹ́rẹ́, àti pé àwọn ti gbàdúrà lórí rẹ̀ títí ó ti sú àwọn. Mo tọrọ àforíjì. Ojú tì mí gan-an ni, ṣùgbọ́n orí mi ti ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ mú téèpù yín."

A so ẹ̀rọ mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n oníkùn lẹ́yìn tí Mọ́mì ń kó òwú lé lórí. Mọ́mì ń wọn bíláòsì, wọ́n ń yọ íǹṣì méjì tí wọ́n máa ń fi kún àyà àti ìbàdí kí aṣọ má baà há, èmi ń tẹ̀ ẹ́: 17 38 42 09 26. Géèmù kọ̀ ọ́. A tún un wọ̀n, a tún un tẹ̀, ó tún kọ̀ ọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí kásẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Mama Ifeoma ti fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì di bíláòsì náà mú níbi ìbàdí, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa á, wọ́n ń ronú.

"Mo dín in kù," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú ìwé. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì í kọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì, níbo ni yóò ti rí irú ìbàdí bẹ́ẹ̀?"

Mo tẹ 44. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú díẹ̀, orin tí mi ò gbọ́ láti ọmọ ọdún méjìlá bẹ̀rẹ̀, ààfin pupa sì yọ. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Mo di páàdì mú, mo sì kú lẹ́ẹ̀mẹta kí Mọ́mì tó tú téèpù wọn ká. Wọ́n bi mí pé ṣé èyí náà ni mo tìtorí rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Mo ní òun ni.

Mama Ifeoma ní tirẹ̀ kò wo tẹlifíṣọ̀n. Ikùn mi ló ń wò. Ó sọ nǹkan sí Mọ́mì létí, Mọ́mì sì ní kí n dìde dúró. Wọ́n wọn èjìká mi, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Wọ́n wọn àyà mi, ó jẹ́ méjìdínlógójì. Wọ́n yí téèpù ká ikùn mi, wọ́n wò ó, wọ́n tún un yí. Mẹ́rìnlélógójì ni, kò lé, kò dín. Mama Ifeoma jáde sí gbangba, ó ń ké fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé "Onye nwe ya abịala", ẹni tó ni ín ti dé.

Wọ́n wọ bíláòsì náà fún mi lójú gbogbo àwọn tó sáré wá wòran. Ó bá èjìká mu, ṣùgbọ́n ó há níbi ikùn. Mọ́mì ní kí n bọ́ ọ. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi abẹ tú ìrán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n dá íǹṣì méjì tí wọ́n yọ padà síbẹ̀, wọ́n sì rán an pa.

"Ìwé mi kò purọ́," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì ti rọ̀. "Èmi ni mi ò gbà á gbọ́."

Ó wá bá mi mu bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n mí fún. Mo tún tẹ kóòdù náà kí ààfin lè yọ padà, Mama Ifeoma gba fóònù mi láti ya fọ́tò, ó ya ẹyọ kan, iná sì lọ. Mo wò ó: bíláòsì àti ikùn gba iwájú, ààfin pupa àti nọ́ńbà ipele wà ní igun kan lẹ́yìn apá mi. Iná kò dé mọ́ títí mo fi kúrò ní Onitsha, n ò sì ní fọ́tò mìíràn.

Ìdájí Sunday ni mo wọkọ̀ padà. Ní Ọ̀rẹ̀ ni mo ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ẹ̀rín wọn ti dínkù kí n tó délé. Kò dínkù. Ṣùgbọ́n Alága fa fọ́tò náà tóbi, ó rí nọ́ńbà ipele, ó sì kọ ọ́ pé òun tọrọ gáfárà, òótọ́ ni mo sọ. Mo ṣì ni akọ̀wé, orúkọ mi nínú ẹgbẹ́ sì ti di Bíláòsì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Ìyàwó mi tú báàgì, ó na aṣọ aláwọ̀ ewé náà sókè, ó bi mí pé obìnrin wo ló ni èyí. Mo ní èmi ni. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ nílé àgbà, àgbà kò ní gbàgbé rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ló máa ń gbàgbé. Mo ti sọ fún Mọ́mì pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa, ló ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà, láìsí pé mò ń wá nǹkan kan. Nígbà tí mo pè wọ́n láti sọ pé mo ti délé, inú wọn dùn, wọ́n sì ní kí n rọra máa jẹun, nítorí àyè tó kù nínú ìrán ẹ̀gbẹ́ yẹn kò ju íǹṣì kan lọ.