Ọjọ́ Tí Mo Wakọ̀ Lọ Mẹ́kà Láìní Táàmín

Kò sí ọlọ́pàá tí mi ò lè fẹnu tù lójú ọ̀nà Jẹ́dà sí Mẹ́kà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi janpata nígbà tí táàmín, ìwé adójútòfò ọkọ̀ mi, tán. Mo wọ jalabíà funfun, mo gbé ìyàwó mi, ó di Mẹ́kà. Ní Bahra, níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, mo fi Lárúbáwá tó dùn kí ọlọ́pàá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ.

Mo ní, "Ṣé o rí ọkọ rẹ?"

Kò pẹ́, fóònù mi dún, àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi kàwé. Ọ̀rọ̀ sísọ ni tèmi. Ó kà á: kámẹ́rà ojú ọ̀nà ti rí i pé a ò ní táàmín, wọ́n sì ti bu owó ìtanràn lé mi.

"Àlàájì, ṣé ẹ ò kí kámẹ́rà ni?"

Mo páàkì, mo ní kó ra táàmín tuntun lórí fóònù. Èmi ni mo pe nọ́ńbà ara ọkọ̀ wa fún un látorí, láìwò ó. Orí mi pé, bí mi ò tiẹ̀ mọ̀wé kà.